Gíláàsì mi ń sán lẹ́yìn tó ti jáde nínú kíìnì, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa l'Abuja ni mo wà, mo ní kíìnì kékeré oníná tí mo fi ń yọ́ gíláàsì pọ̀ ṣe àwo pẹlẹbẹ. Àjákù gíláàsì wíńdò láti Dei-Dei ló máa ń wà nísàlẹ̀, màá wá to èérún ìgò aláwọ̀ ewé sórí ẹ̀, màá gbé iná dé nǹkan bíi 820°C. Tó bá jáde á rẹwà gan-an, àmọ́ tó bá dọjọ́ kejì ẹ máa gbọ́ "kẹ́ẹ́" lórí ṣẹ́ẹ̀fù, ó ti sán nìyẹn, ibi tó ti sán á sì tẹ̀ lé etí ìgò yẹn gẹ́lẹ́ bíi pé wọ́n fi bírò fà á.

Mo kọ́kọ́ rò pé NEPA ni torí wọ́n máa ń múná lọ tó bá ń tutù lọ́wọ́, ni mo bá dúró dalẹ́ tíná dúró dáadáa, mo dá a dúró ní 550°C fún wákàtí méjì, mo rọra jẹ́ kó tutù, pàbó. Wíńdò nìkan kì í sán, ìgò nìkan náà kì í sán, ó jọ pé wọn ò jọ súnkì bákan náà. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ará Masaga ní Bida tó ń fi ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀, àmọ́ iná ẹwìrì ni tiwọn, kì í ṣe kíìnì.

Mo gbọ́ pé téèyàn bá fi gíláàsì sáàárín polarizing film méjì (ike fẹ́lẹ́ tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀), ibi tó ń fa ara wọn á máa tàn. Ṣé èyí tí wọ́n ń yọ lára ojú fóònù tó bàjẹ́ ní Banex lè ṣe é, báwo lẹ sì ṣe ń fi ègé kékeré dán an wò kẹ́ ẹ tó ṣe odindi àwo?