Iye sóyà lókè òkun àti owó tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀: báwo la ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Àgbẹ̀Òkè-Ògùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Gbogbo ìgbà la ń gbọ́ pé òkè òkun ń wá sóyà, pé dọ́là ti gbówó lórí, pé ẹni tó bá gbìn ín ti rọ́wọ́ mú. Àmọ́ tí ìkórè bá dé, iye tó bá wu alágbàtà ló ń dá, á tún yọ "omi" àti "ìdọ̀tí" nínú ìwọ̀n. Ṣé ọ̀nà wà tí àgbẹ̀ fi lè ṣírò iye tó yẹ kó gbà lójú oko? Ibo sì ni ìyókù owó náà ń gbà lọ?

Olóṣùwọ̀n
Ọjà Chicago ní Amẹ́ríkà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ayé ń wò kí wọ́n tó dá iye lé sóyà. Búṣẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń tà á. Búṣẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ kílò 27.2, búṣẹ́ẹ̀lì 36.74 ló sì wọ tọ́ọ̀nù kan. Ní oṣù kẹfà 2022, nígbà tí ogun Ukraine ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, búṣẹ́ẹ̀lì kan dé dọ́là 17, ìyẹn bíi dọ́là 625 fún tọ́ọ̀nù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ 2024, ó ti já bọ́ sí ìwọ̀n dọ́là 10, bíi dọ́là 367 fún tọ́ọ̀nù. Brazil nìkan kó ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 100 síta ní 2023. Ọjà kún.

Kí ló wá dé tí iye fi ń gòkè lọ́dọ̀ wa? Náírà ló ń wálẹ̀. Lówó báńkì, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦420 ní àárín 2022, nítorí náà 625 yẹn jẹ́ ₦262,000. Ní 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500, 367 sì di ₦550,000. Iye ayé dín kù ní ìdá 40 nínú 100, síbẹ̀ iye náírà lé ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí náírà wá dúró lójú kan ní 2025, aṣọ tó bo ìwálẹ̀ iye ayé mọ́lẹ̀ ṣí kúrò.

Ẹ jẹ́ ká fi ₦550,000 ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkọ̀ láti Ṣakí dé Àpápá gba ₦35,000 fún tọ́ọ̀nù, fífẹ́ ìdọ̀tí kúrò àti àpò ₦15,000, ìwé àti iṣẹ́ èbúté ₦25,000, ohun tó ṣòfò lọ́nà kílò 30 (₦16,500), èlé owó báńkì fún oṣù méjì ₦27,500, èrè ẹni tó ń kó o lọ ₦27,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦146,500. Ohun tó kù fún ojú oko ni ₦403,500, ìyẹn ₦403 fún kílò kan. Ẹ fi iye ti àdúgbò yín rọ́pò tèmi. Ẹ má fojú kéré èlé yẹn: ní oṣù kọkànlá 2024, báńkì àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5%.

Ìyá-Ìbàdàn
Olóṣùwọ̀n, ìṣirò yín dáa, àmọ́ ta ló rí dọ́là rà ní ₦420 nígbà yẹn? Lójú títì, ₦600 ni. Ẹ fi ìyẹn ṣírò 625, ẹ máa rí ₦375,000. Èrè 2024 kò tó bó ṣe rí lójú ìwé.

Ohun kan tún wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú sóyà wa kì í kúrò nílé. Àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ àti àwọn tó ń fún òróró ló ń rà á. Tí àwọn aládìyẹ bá ń pa ilé adìyẹ wọn dé, iye sóyà á wálẹ̀ kódà kí Chicago máa ta bí iná. Nítorí náà, iye àwọn ọlọ́lọ̀ ní Ìbàdàn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè ti èbúté. Èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó ọkọ̀, ni iye yín.

Olóṣùwọ̀n
Òótọ́ ni, ẹ ṣeun. Mo gba ti ₦600 yẹn.

Alákàá
Ọ̀rọ̀ "omi" ni tèmi, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ jù. Ká ní ẹ gbé kílò 1,000 wá, tí omi inú hóró jẹ́ 16%, tí olùrà sì fẹ́ 12%. Hóró gidi inú rẹ̀ jẹ́ kílò 840. Ẹ fi 0.88 pín in, torí tí omi bá jẹ́ 12%, hóró gidi jẹ́ 88%; ó máa di kílò 954.5. Kílò 45.5 ló tọ́ kí wọ́n yọ, ìyẹn kílò 4 àbọ̀ nínú àpò ọgọ́rùn-ún kílò. Ẹni tó bá yọ kílò 10 ti gba owó yín mọ́ omi.

Tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi, ẹ yan iyọ̀ díẹ̀ lórí iná kó gbẹ pátápátá, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ da ṣíbí méjì rẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ bu sóyà dé ìdajì ìgò, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ti ju 15% lọ. Ẹ tún sá a sórí tápólì, kì í ṣe sójú títì, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ ló ń jẹ́ kí wọ́n rí ìdọ̀tí yọ.

Ẹ má sì fọ́n Sniper, oògùn apakòkòrò tó ní dichlorvos nínú, sínú àpò. Láti 2015 ni Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà wa nítorí dichlorvos. Wọ́n rí i láti 0.03 dé 4.6 mílígíráàmù nínú kílò kan, 0.01 sì ni òfin wọn.

AráSàbẹ́
Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, ìjọba fòfin de kíkó sóyà tí wọn kò tíì lọ̀ síta ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2024, kó lè wọ àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní àgbègbè ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí olùrà bá dín kù nídìí òṣùwọ̀n, àgbẹ̀ ò lè ná ọjà mọ́. Ẹ̀yin tó wà nítòsí ẹnubodè, ẹ máa wo sẹ́fà, owó tiwa: yúrò ni wọ́n so ó mọ́ (655.957 fún yúrò kan), nítorí náà tí náírà bá ṣubú, ọjà yín á pọ́ọ́kú lójú tiwa, àwọn aláròóbọ̀ á sì wá kó o.

Àgbẹ̀Òkè-Ògùn
Ẹ ṣeun púpọ̀. Tó bá wá jẹ́ ₦403 náà ni iye, ṣé a ṣì lè jèrè?

Alákàá
Ẹ fi iye kílò kan pín ìnáwó hẹ́kítà. Ká ní ₦450,000 lẹ ná: 450,000 ÷ 403 jẹ́ kílò 1,117. Ẹni tó kórè tọ́ọ̀nù kan, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kórè, ti jẹ gbèsè ₦47,000. Ẹni tó kórè kílò 1,800 ní èrè ₦275,400. Irúgbìn TGX 1835-10E kò fi bẹ́ẹ̀ gba àrùn ìpẹtà ewé. Ẹ po inoculant, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó ń kó náítrójìn inú afẹ́fẹ́ fún ọ̀gbìn, mọ́ irúgbìn lábẹ́ òjìji, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà, torí oòrùn ń pa á. Ajílẹ̀ SSP báàgì 4 sí 5 tó hẹ́kítà kan. Tí èèpo bá ti pọ́n tán, ẹ tètè kórè, láàárọ̀ tí ìrì ṣì wà. Tó bá pẹ́ lóko, èèpo á bẹ́, ilẹ̀ á sì gbé e.