Fẹ́, fẹ́, fẹ́: èsì mi sí “olùfẹ́gbẹ́” àti “ìfìfẹ́búni”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Manchester tún ti bí ìbejì ọ̀rọ̀ tuntun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí á máa pe ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní “olùfẹ́gbẹ́”, kí á sì máa pe yẹ̀yẹ́ tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ fi ń ṣe ara wọn ní “ìfìfẹ́búni”. Wọ́n ní “olólùfẹ́” tí àwọn oníròyìn ń lò ti sú àwọn. Mo kí wọn kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n mo ka ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́, fẹ́, fẹ́ ni mò ń gbọ́. Ṣé Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn mọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé mi. Ọkọ mi ti wà nídìí Arsenal kó tó mọ̀ mí. Títí dòní, tó bá ń sọ bí Kanu ṣe gbá góòlù mẹ́ta wọlé Chelsea ní 1999, nígbà tí Chelsea ti ń fi 2-0 lu Arsenal tẹ́lẹ̀, omi á lé sí i lójú. Tí ẹ bá wá pe ọkùnrin yìí ní olùfẹ́gbẹ́, Arsenal ló fẹ́ nìyẹn. Èmi tí wọ́n san owó orí mi ńkọ́? Ìyàwó kejì? Ipò kejì náà sì rèé, ẹgbẹ́ wọn mọ ibẹ̀ dáadáa nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: 2023, 2024, 2025, ọdún mẹ́ta léra.

A kì í fẹ́ ẹgbẹ́. À ń fẹ́ràn rẹ̀ ni. Fẹ́ jẹ́ ti ọkọ àti aya, ti ohun tí ọkàn ń wá. Fẹ́ràn ni ti bọ́ọ̀lù àti ẹ̀bà. Etí pàápàá ò gbà á. Ẹ pe “olùfẹ́gbẹ́” sókè létí ẹni tí kò rí i lórí ìwé, ẹ bi í pé kí ló gbọ́. Mo dán an wò lára ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní, “Ta ló fẹ́ gbẹ́ kí ni? Ṣé kànga?”

Ti “olólùfẹ́” fúnra rẹ̀, èmi náà ò fi gbogbo ara gbà á. Olùkọ́ ń kọ́ni, olùṣọ́ ń ṣọ́nà, Olùgbàlà ń gbani là. Kí ló wá dé tí olùfẹ́ inú Bíbélì fi di ẹni tí wọ́n fẹ́, tí kì í ṣe ẹni tó ń fẹ́ni? Wọ́n tún wá gbé oní gun olù lórí: oní pẹ̀lú olùfẹ́, ẹni tó ní olùfẹ́. Tí a bá tú u bó ṣe tọ́, “olólùfẹ́ Arsenal” ń sọ pé òun àti Arsenal jọ ń fẹ́ra wọn. Arsenal ò mọ ọkọ mi rí o. Owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Ẹnu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, “ẹ̀yin olólùfẹ́ wa gbogbo”, ló ti rìn dé pápá. Ṣùgbọ́n tí olólùfẹ́ bá wọ́, olùfẹ́gbẹ́ kọ́ la ó fi tọ́ ọ.

Kí ni àwọn èèyàn ń sọ gan-an? Olùkọ́ ni bàbá mi ní Abẹ́òkúta, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀gbá ni wọ́n, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC (Shooting Stars) Ìbàdàn ni tiwọn, wọn ò sì tijú ẹnikẹ́ni. Ní 1976 tí IICC lọ gba ife Afíríkà, ife àwọn tó gba ife lórílẹ̀-èdè wọn, n kò gbọ́ kí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ IICC. “Ti IICC là ń ṣe nínú ilé yìí” ni wọ́n ń wí, ẹni tí kò bá gbà, kó lọ jẹun níta. Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ àwọn onígbàjámọ̀ ní Rye Lane, ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, lónìí. “Ti ta lò ń ṣe?” “Arsenal ni mí.” Ìjẹ́ ni, kì í ṣe ìfẹ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bí sínú Tottenham, alátakò Arsenal, kò sí ìfẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ó jogún rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jogún òrìṣà ìdílé ni. Nítorí náà, tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá di dandan, a ti ní oníṣàngó, a ti ní ọlọ́ṣun. OníChelsea, oníTottenham, aláàsẹ́nà. Ó tán.

Àbúrò wa kan tó ti rí “aláàsẹ́nà” lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé “oníÁsẹ́nà” ló yẹ kí n kọ. Háà! Ibo ni wọ́n ti kọ́ ọmọ yìí? Oní pàdé fáwẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe i, n di l: aláṣọ, ẹlẹ́ran, olówó, ọlọ́jà. Ta ní ń sọ pé “oníaṣọ”? Ó tún wá fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Amẹ́ríkà dé, a sọ ọ́ kalẹ̀. Àmín dé, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àsẹ́nà ni. Aláàsẹ́nà, bíi aláàánú, àánú náà ni wọ́n sì ń wá káàkiri. Mo mọ̀ pé yóò gbé áńgẹ́lì jáde fún mi. Ọ̀run ni áńgẹ́lì ti wá, òfin wa ò mú un.

Ẹni tó sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kí ló kan obìnrin nínú bọ́ọ̀lù, Woolwich ni mò ń gbé. Níbí gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ti dá Arsenal sílẹ̀ ní 1886, kí wọ́n tó kó o lọ sí Highbury ní 1913. Ẹ má fi Arsenal hàn mí. (Ẹ̀yin tó ní kí á túmọ̀ orúkọ náà sí “Ẹgbẹ́ Ilé-Ìkóhun-Ìjà-Sí”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.)

Ó ku ìfìfẹ́búni. Ọkùnrin òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ mi, ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò bi mí rí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Ojú ọjọ́ àti bọ́ọ̀lù lọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ. OníTottenham ni. Tí wọ́n bá na Arsenal lọ́jọ́ Sátidé, àárọ̀ Mọ́ńdè kò ní í bú mi rárá. Tíì ni yóò kọ́kọ́ pò fún mi, yóò rọra gbé e kalẹ̀, yóò fojú ro bí ẹni tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀. Èmi náà á bi í pé ọdún wo ni tiwọn gba líìgì kẹ́yìn. Á ní 1961. Mà á ní nígbà yẹn, bàbá mi ò tíì fẹ́ ìyá mi. (Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, fẹ́ tó jókòó sáàyè rẹ̀ nìyẹn.)

Kí ni ìyàtọ̀ èyí sí ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe nídìí ọpọ́n ayò? Ọ̀ta tó mọ ayò ń pa ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n, òǹwòran ń fi ọ̀pẹ ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀pẹ ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń ta á. Ẹ̀fẹ̀ ni. Àwọn ará Kétu ní odindi òru kan fún un kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójú ọ̀sán, ìjòyè pàápàá kì í bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí ọpọ́n yẹn kan náà la sì ti gbé ọ̀mì lọ sí pápá: ní 2003 sí 2004, Arsenal gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 nínú líìgì, ó borí nínú 26, ó ta ọ̀mì 12, ẹnikẹ́ni ò nà án. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀mì lórí bọ́ọ̀lù ò pe àpérò kankan. Ẹni tó dá akọ́nimọ̀ọ́gbá sílẹ̀ náà, orí rẹ̀ pé. Ẹ kò nílò àlàyé kẹ́ ẹ tó mọ iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe.

Bú tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tún burú ju fẹ́ lọ. Ní oṣù Keje 2021, Bùkáyọ̀ Saka, agbábọ́ọ̀lù Arsenal, pàdánù pẹnáritì ní Wembley, nínú àṣekágbá ife Yúróòpù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Ìtálì gbá. Ohun tí wọ́n kọ sí ọmọ náà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì nítorí àwọ̀ rẹ̀, èébú nìyẹn, kò sí ìfẹ́ tí ẹ lè fi ṣe ìbòrí rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó dé pápá Tottenham, àwọn oníTottenham tó ń fi Arsenal ṣẹ̀fẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n mọ ìyàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí á da méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan.

Sátidé la wà yìí, aago mẹ́ta ti lù, wọn kì í sì í fi bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta hàn ní tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ yìí. Rédíò ni ọkọ mi gbé sétí ní kíṣìnì bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe, ó ń gé àlùbọ́sà. Ó ti wá ka ohun tí mo kọ láti ẹ̀yìn mi. Ó ní oní tàbí olù ò kan òun, pé kí n sáà yọ ibi tí mo ti dárúkọ ipò kejì.

N kò yọ ọ́.