Ta ni yóò san owó ibodè tuntun lórí àgbọn tí mò ń tà sí Niger?

Ẹ̀yin àgbà oníṣòwò, mo kí yín o. Láti Àgbádárìgì ni mo ti ń kó àgbọn ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè Niger, gba ẹnubodè Ilela ní Sókótó. Láti ọjọ́ 29 Oṣù Kìn-ín-ní 2025 tí Niger, Mali àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. ECOWAS ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ́kù ṣì máa gba ọjà wọn wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ títí àṣẹ mìíràn yóò fi jáde, ṣùgbọ́n ọjà tiwa tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn ńkọ́? Ní Oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi owó ibodè ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà tó ń ti ìta wọlé. Ìyẹn kò pọ̀ lójú mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé, bí ìjíròrò àárín ECOWAS àti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá forí ṣánpọ́n, wọ́n lè fi kún un. Oníbàárà mi wá ń fẹ́ kí a kọ àdéhùn ọdún kan, ní iye kan ṣoṣo. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni yóò san owó ibodè èyíkéyìí tó bá yọjú, àbí kí a jọ pín in? Ẹni tó bá ti kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, báwo lẹ ṣe là á sílẹ̀?