Áńpù wo ni kí n rà fún thrash metal, nígbà tó jẹ́ inú fúláàtì ni mò ń gbé?

Ọmọ_Òṣogbo

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Birmingham ni mò ń gbé, fúláàtì kékeré ní àjà kẹta. Ibanez RG ni gìtá mi, humbucker méjì (irú pickup kan, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn okùn) ló wà lára rẹ̀, okùn 10-46 (ìwọ̀n ìnípọn wọn) ni mo fi sí i, E standard, ìyẹn ìṣètò ohùn tó wọ́pọ̀ jù, ni mo sì ń yí i sí. Thrash, ìyẹn metal tó ń sáré gan-an, ni mò ń kọ́ báyìí: orin Slayer, Kreator, Testament àti ti Metallica ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń sáré. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń le díẹ̀díẹ̀, mo lè gbá okùn wálẹ̀ wálẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́ kí apá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Áńpù ni ìṣòro mi. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kéré, sípíkà inú rẹ̀ kò ju ínǹṣì mẹ́fà àbọ̀ lọ. Tí mo bá rọra ta gìtá, ó dùn. Àmọ́ tí mo bá ti fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ bo okùn E tí mo sì ń sáré, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀, mi ò ní mọ ìyàtọ̀ ohùn kan sí èkejì mọ́. Mo yí gain (bọ́tìnì tó ń mú ohùn dàrú) dé òpin, ó tún burú sí i. Ohùn àárín, mo ti yọ ọ́ kúrò pátápátá, torí bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é nínú gbogbo fídíò tí mo wò nìyẹn.

£400 ni mo ti tù jọ. Mo ń rí Marshall JCM800 àtijọ́ tí wọ́n ń tà, owó rẹ̀ ju agbára mi lọ, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun gan-an ló yẹ, màá ní sùúrù títí owó yóò fi pé. Ẹ rántí pé ìyá ìkókó ló ń gbé nísàlẹ̀ mi. Ẹ tún rántí pé lóṣù tó ń bọ̀, èmi àti onílù kan àti onígìtá bass kan fẹ́ máa pàdé ní yàrá ìgbáradì tí wọ́n ń gbà ní wákàtí wákàtí. Áńpù onífáàfù (ìgò kékeré tó ń gbóná nínú rẹ̀) ni àbí ti tírànsísítọ̀? Wáàtì mélòó?

Bàbá_Onígìtá

Àbúrò, o ṣeun tí o sọ irú gìtá tí o ní, ibi tí o ń gbé àti iye tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè láìsọ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ àtúnṣe áńpù ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí orin gìtá oníná tí mo fẹ́ràn tó thrash, nítorí náà fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ mi yóò gùn.

Ohun tí thrash ń béèrè lọ́wọ́ áńpù ni pé kí ohùn tètè bẹ̀rẹ̀, kó sì tètè kú. Gbé e yẹ̀ wò báyìí: orin tó ń lọ ní 200 bpm (lílù 200 nínú ìṣẹ́jú kan), tí o ń gbá okùn lẹ́ẹ̀mẹrin nínú lílù kan, mílísẹ́kọ́ńdì 75 péré ló wà láàárín ìgbá kan sí èkejì. Okùn E ìsàlẹ̀ sì ń gbọ̀n ní ìgbà 82 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú àlàfo yẹn, bí ìgbà mẹ́fà péré ló máa ráyè gbọ̀n kí ìgbá tó tẹ̀ lé e tó dé. Tí áńpù bá ń fa ohùn ìsàlẹ̀ gùn, tàbí tí gain pọ̀ débi pé ohùn ò fẹ́ kú, èyí tó ń bọ̀ á bá èyí tó yẹ kó ti lọ nílẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ nìyẹn. Ọwọ́ rẹ kọ́ ló ń dà á rú.

Ní báyìí, JCM800 tí ọkàn rẹ ń fà sí. 1981 ni Marshall gbé e jáde láti Bletchley. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2203 jẹ́ wáàtì 100: fáàfù ECC83 mẹ́ta níwájú, EL34 mẹ́rin lẹ́yìn, channel (ọ̀nà ohùn) kan ṣoṣo. Òun ni Kerry King àti Jeff Hanneman ti Slayer fi ṣe ohùn wọn, títí Marshall fi ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ 2203KK ní orúkọ Kerry King. Ṣùgbọ́n bí o bá so gìtá mọ́ 2203 lásán, ohun tó máa fún ọ ni rock líle, kò ní dé thrash. Pẹ́dà (àpótí kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀) ni wọ́n ń fi síwájú rẹ̀, Ibanez Tube Screamer tàbí Boss SD-1. Drive ní òdo, level lókè pátápátá, tone ní àárín. Ẹni tó ń wá distortion (ohùn dídàrú) nínú pẹ́dà yẹn kò ní lóye ìdí tí a fi ń lò ó. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kó tó wọnú áńpù, ó sì ń ti ohùn àárín síwájú, kí ó lè jẹ́ pé ohun tó mọ́ tó sì gbẹ ni fáàfù máa rí dàrú. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá dàrú ni ẹrẹ̀ tí ò ń gbọ́ yẹn.

Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú Mesa/Boogie Mark IIC+ tí Metallica lò fún àwo wọn ti 1986. Nínú Mark, bọ́tìnì bass wà ṣáájú ibi tí ohùn ti ń dàrú, torí náà wọ́n máa ń yí i wálẹ̀ sí 1 tàbí 2. Tí ohùn bá ti dàrú tán, EQ onílà márùn-ún, ìyẹn bọ́tìnì tó ń gbé apá kọ̀ọ̀kan ohùn sókè tàbí sílẹ̀ (80, 240, 750, 2200 àti 6600 Hz), á wá dá ohùn ìsàlẹ̀ padà sí i. 750 yẹn ni wọ́n ń fà wálẹ̀, gbogbo ènìyàn sì rò pé kí á kàn máa yọ ohùn àárín dànù ni. Tí o bá yọ ọ́ nínú áńpù kékeré, kí ló kù? Ariwo òkè àti kíkùn ìsàlẹ̀. Tí o bá sì dé ọ̀dọ̀ onílù, abọ́ idẹ ìlù rẹ̀ ti gba òkè, onígìtá bass ti gba ìsàlẹ̀. Àárín ni ilé gìtá. Má ta ilé rẹ.

Ní ti wáàtì: láti 50 dé 100, dẹ́síbẹ́lì mẹ́ta péré ni. Kí etí tó gbọ́ ohùn bí ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, JCM800 nínú fúláàtì rẹ, bí o bá fọwọ́ kan master volume báyìí, ìkókó ìsàlẹ̀ ti jí, áńpù náà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ sì ń ju £1,000 lọ. Má rà á.

Boss Katana 50 ni màá rà ká ní èmi ni ìwọ, tokunbọ̀ tó mọ́ sì tó ọ. Sípíkà ínǹṣì 12 ló ní, o sì lè dín agbára rẹ̀ kù sí ìdajì wáàtì fún ilé, 25, tàbí 50 fún yàrá ìgbáradì. Yí irú ohùn rẹ̀ sí èyí tí wọ́n pè ní Brown, kí gain má kọjá ìdajì. So ó mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú okùn USB, ṣí Boss Tone Studio, mú T-Scream ní apá Booster, kí o sì ṣètò rẹ̀ bí mo ṣe sọ nípa Tube Screamer lókè. Tí o bá rí Peavey Bandit 112 tó dára, òun náà kì í já ni kulẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ yóò nílò pẹ́dà lọ́tọ̀.

Tírànsísítọ̀ ni àwọn méjèèjì, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bú ọ. Dimebag Darrell ti Pantera, Randall RG100ES ló ń lò nínú àwo wọn ti 1990 àti 1992, kò sí fáàfù kankan nínú rẹ̀. Etí ta ló gbọ́ ohùn yẹn tó ní kò le tó?

Tí o bá fẹ́ rà á, gbé gìtá tìrẹ dání, má lo ti ṣọ́ọ̀bù. Má ta orin. Fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ bo okùn E nítòsí bridge (ibi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá), gbá a lẹ́ẹ̀kan, kí o sì fi ọwọ́ méjèèjì pa á lójú ẹsẹ̀. Bí áńpù bá ṣì ń sọ “gbùùùù” lẹ́yìn tí okùn ti kú, gbé gìtá rẹ, kí o máa lọ. Ohun tí o fẹ́ gbọ́ ni “gbì”, kó sì tán síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta kíákíá: gbì-gbì-gbì. Bí o bá lè ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tẹ̀ síwájú. Ṣe é ní ohùn kékeré, kí o sì tún ṣe é ní ohùn tó pariwo, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohùn kékeré nìkan ni wọ́n ń fi tan ni jẹ.

Afáàfù_Leeds

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ohùn àárín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà fáàfù díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo fáàfù ló jẹ́ wáàtì 100. Peavey 6505 MH wà, wáàtì 20 ni, o sì lè sọ ọ́ di 5 tàbí 1. Peavey àti onígìtá Eddie Van Halen ló jọ ṣe áńpù 5150 ní 1992. Nígbà tí Van Halen kúrò lọ́dọ̀ wọn, 6505 ni wọ́n ń pè é. Gain inú rẹ̀ pọ̀ tó láti ibẹ̀. Fi cabinet 1x12 (àpótí sípíkà ínǹṣì 12 kan) tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí kún un, ohùn ìsàlẹ̀ á dúró ṣinṣin.

Ọmọ Òṣogbo, Birmingham náà ni o wà, ìlú tí wọ́n ti bí heavy metal. Ibẹ̀ ni Laney ti bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Tony Iommi ti Black Sabbath sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń lò ó. Wá Ironheart wọn, IRT30-112, tokunbọ̀. Wáàtì 30, sípíkà ínǹṣì 12, fáàfù ni. Tí o bá fara balẹ̀ wá a, má jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ọmọge_Bódìjà

Ẹ jọ̀ọ́, kí n fi tàwa tá a wà nílé kún un, torí mo mọ̀ pé àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó náà á ka èyí. Áńpù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó tẹ iná. Tó bá jẹ́ 120V nìkan ló wà níbẹ̀, iná 230V tiwa á jó o. Ẹ wá step-down (ẹ̀rọ tó ń dín 230V kù sí 120V) tó lè gbé e.

Iná tó ń lọ sókè sódò kò sì bá fáàfù ṣe rárá, nítorí bí iná bá ti wálẹ̀, fáàfù ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, ohùn á rọ. Zoom G1 Four, pẹ́dà kan tó ń ṣe bíi áńpù, ni mo fi ń kọ́ orin tèmi, bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò, mo sì ń fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ nígbà tí kò bá sí iná. Bí ẹ bá fẹ́ so irú rẹ̀ tààrà mọ́ míkísà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ìnáwó, ẹ rí i dájú pé cab sim rẹ̀ (apá tó ń ṣe bíi sípíkà gìtá) ń ṣiṣẹ́. Sípíkà gìtá kì í fẹ́ gbé ohùn tó bá ga ju bí 5,000 Hz lọ, òun ló ń gé etí distortion. Láìsí cab sim, ohun tí ìjọ máa gbọ́ ni oyin tó ń kùn nínú agolo.

Ọmọ_Òṣogbo

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á máa bá yín fún wa. Mo ti dá ohùn àárín padà lórí èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mo sì yí gain wálẹ̀ sí ìdajì. Ó ti yàtọ̀! Mo rí Katana 50 kan tí wọ́n ń tà nítòsí, Sátidé ni màá lọ wò ó, “gbì” yẹn ni màá sì kọ́kọ́ ṣe.

Ìbéèrè méjì ló kù, Bàbá. Ṣé ó yẹ kí n pààrọ̀ pickup mi sí EMG 81? Bí mo bá sì fẹ́ kí gìtá dákẹ́ pátápátá níbi tí orin bá ti dúró, kí ni kí n ṣe?

Bàbá_Onígìtá

Ti Leeds kọ́kọ́, torí ó ṣe pàtàkì: mi ò bá ọ jiyàn lórí 6505 MH, áńpù gidi ni. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ra head fáàfù (áńpù tí kò ní sípíkà nínú), kí ó má tan án láé láìjẹ́ pé ó so sípíkà mọ́ ọn, kí ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) sípíkà sì bá èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ mu. Transformer tó ti jó nítorí èyí kì í ṣọ̀wọ́n lórí tábìlì mi, ìyẹn sì ni àtúnṣe tó ń gbówó jù.

Ọmọ Òṣogbo, fi EMG sílẹ̀ ná. Humbucker rẹ tó. Fi screwdriver sọ pickup tó wà nítòsí bridge kalẹ̀ díẹ̀ ní ìhà okùn E tó nípọn, wàá gbọ́ bí ohùn á ṣe mọ́ sí i, kò sì ná ọ ní kọ́bọ̀.

Fún ìdákẹ́jẹ́, noise suppressor wà nínú Katana náà, inú Tone Studio ni wàá ti rí i. Gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ariwo á fi tán nígbà tí ọwọ́ rẹ wà lórí okùn, kí o sì dúró síbẹ̀. Bí o bá gbé e kọjá bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ìgbá rẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ ni kó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ti ń pa okùn, kí ẹ̀rọ kàn ràn án lọ́wọ́ ni.

Tí ẹ bá dé yàrá ìgbáradì, gbé áńpù sórí àga kí sípíkà kọjú sí etí rẹ, má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bass ní 4, àárín ní 6, treble ní 6, gain ní ìdajì tàbí kó má tilẹ̀ dé ibẹ̀. Kí ìwọ àti onígìtá bass ta ìlà kan náà pọ̀ láìsí ìlù. Bí ohùn yín bá ń bo ara wọn mọ́lẹ̀, ìwọ ni kí o dín ohùn ìsàlẹ̀ rẹ kù, kì í ṣe òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá pe onílù wọlé. Wá sọ fún wa lọ́jọ́ Àìkú bí ó ṣe rí.