Aràn pẹlẹbẹ inú ẹja Titus: ìpín wo ni kí n kọ wọ́n sí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Aràn inú ẹja òkun ni mo fẹ́ fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì mi. Ẹja Titus inú yìnyín ni mò ń rà lọ́jà, torí pé tìfuntìfun ni wọ́n ń tà á. Mo rí oríṣi aràn mẹ́ta. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ibi pupa tí ẹja fi ń mí, lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èkejì wà nínú agbẹ̀du, ó kéré, ó sì ní ìrù. Ẹ̀kẹta ká jọ sára ẹ̀dọ̀. Ìwé tí mo ní pe ti àkọ́kọ́ ní Monogenea, àmọ́ mo kà á níbòmíì pé wọn ò lo orúkọ yẹn mọ́. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ọmọ mi, ẹja ni mò ń tà ní tèmi, mi ò mọ orúkọ ìwé wọn. Èyí tó ká jọ yẹn la máa ń rí jù. Bá a bá ti ń la inú rẹ̀ la ti ń kó ìfun dànù, ká tó fọ̀ ọ́, ká tó dín in kó jinná dénú.

Ará Aberdeen:
Ẹ ṣeun, Mà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n ṣe é, iná tó bá wọlé dáadáa ń pa á.

Àbúrò, yọ èyí tó ká jọ yẹn kúrò nínú iṣẹ́ rẹ. Tó bá jẹ́ Anisakis ni, bó ṣe sábà máa ń jẹ́ nínú Titus, ara rẹ̀ ṣù roboto ni, kì í ṣe aràn pẹlẹbẹ rárá.

Ní ti méjì tó kù, kó o tó wo ibi tí aràn ń gbé, wo ohun tó fi di ẹja mú. Gbé ti àkọ́kọ́ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, kó o wo ìdí rẹ̀. Tó o bá rí ohun mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, tí wọ́n ń pa dé bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kuhnia scombri, tí Kuhn ṣàpèjúwe lọ́dún 1829. Tó bá jẹ́ mẹ́rin lápá kan, ẹyọ kan péré lápá kejì, Grubea lo rí yẹn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí Grubea! Má gbàgbé láti tú ojú inú ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí Kuhnia mìíràn wà, K. sprostonae, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ń gbé.

Ọ̀rọ̀ Monogenea wá. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí: àwọn ẹlẹ́mùú púpọ̀ tó ń mu ẹ̀jẹ̀, àti àwọn oníwọ̀ tó ń jẹ awọ àti ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹja. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ tó fi àbùdá (DNA) ọ̀pọ̀ aràn wéra rí i pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ni wọ́n bá sọ wọ́n di ìpín méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Polyopisthocotyla àti Monopisthocotyla. Polyopisthocotyla ni Kuhnia àti Grubea. Ìyẹn ni kó o kọ, kó o fi kún un pé Monogenea ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó ń lo ìwé àtijọ́ lè bá ọ lọ.

Ti inú agbẹ̀du, wá ẹnu ìlẹ̀mọ́ méjì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan níkùn. "Ìrù" yẹn, ó lè fà á wọnú ara rẹ̀. Ìdílé Hemiuridae, lábẹ́ Digenea (ìpín aràn pẹlẹbẹ mìíràn), ni wọ́n ti ń ní irú rẹ̀, Lecithocladium excisum sì wọ́pọ̀ nínú Titus. Inú ìgbín òkun ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé, ẹ̀yìn náà ló ń bọ́ sínú àwọn ẹ̀dá òkun kéékèèké tí ẹja ń jẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo tún rí àwọn funfun kéékèèké nínú ìfun, ẹnu ìlẹ̀mọ́ mẹ́rin lórí, kò sì ní ìfun kankan nínú. Ṣé ẹ̀yà tuntun ni?

Ará Aberdeen:
Rárá o. Ọmọ aràn gbọọrọ ni, Cestoda, àwọn tí kì í ní ìfun. Scolex pleuronectis ni wọ́n ń pè é láti 1788, àmọ́ àpapọ̀ orúkọ lèyí jẹ́ fún ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà tí ojú ò lè yà sọ́tọ̀. Inú ṣáàkì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà. Àbùdá nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́, nítorí náà inú ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù líle ni kó o fi wọ́n sí, má fi fọ́málíìnì ba àbùdá wọn jẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: wọ́n á kọ orúkọ aràn, wọn ò ní kọ irú ẹja tó jẹ́ gan-an. Ẹja tó ju ẹyọ kan lọ ni ọjà ń pè ní Titus. Wo ikùn rẹ̀: tí kò bá ní àmì kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Scomber scombrus, tí àmì tóótòòtóó bá wà níbẹ̀, Scomber mìíràn ni. Kó o bẹ alájàpá kó jẹ́ kó o wo páálí rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ FAO 27 sí i (nọ́ńbà tí àjọ FAO fi ń pín òkun sí agbègbè), àríwá ìlà oòrùn Àtìláńtíìkì ni wọ́n ti pa á. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ju páálí náà nù.