Ọwọ́ Jin yí padà mọ́ mi lọ́wọ́: ẹ sọ ìrírí tiyín nípa géèmù ìjà

Láti Àjàṣẹ́
Nígbà tí géèmù ìjà Tekken 3 gba ìgboro níbí, a ò ka ìtàn kankan lójú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀, Faransé sì ni wọ́n kọ́ wa níléèwé. Ní ilé géèmù tó wà lẹ́bàá ọjà Ouando, ẹni tó bá sanwó ló ń di mànẹ́ẹ̀tì, ohun tí a fi ń tẹ géèmù, mú, àwa yòókù á to sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá lu gbogbo alátakò tán ni fíìmù kékeré ìparí máa ń jáde fún. Ibẹ̀ la ti rí i tí Heihachi yìnbọn fún Jin, ọmọ ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ náà ti bá a ṣẹ́gun Ogre, ọ̀tá ìkẹyìn, tán. Ariwo sọ! Bàbá àgbà wo ló ń ṣe irú èyí?

Ìgbà tí Tekken 4 dé sórí PlayStation 2 lọ́dún 2002, mo mú Jin bí ìṣe mi. Mo tẹ ohun tó ti mọ́ mi lọ́wọ́, kò jáde. Ìjà Mishima, ìjà ìdílé bàbá rẹ̀ tí Heihachi kọ́ ọ, ti pòórá, karate lásán ló kù. Àwọn kan ní díìsìkì wàyó ni. Ẹ̀gbọ́n kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló là á yé wa: Jin ti kórìíra ẹ̀jẹ̀ Mishima, ó sì ti fi ìjà wọn sílẹ̀. Ìbínú ọmọ yẹn sí ilé bàbá rẹ̀, ìka mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí etí mi tó gbọ́. Ìtàn tó bá wọnú ìka báyìí ni mo gbà ní ìtàn.

(Ti Eddy Gordo, jagunjagun mìíràn nínú Tekken 3, ọmọ Brazil tó kọ́ capoeira, ìjà ilẹ̀ wọn, lẹ́wọ̀n: ọmọ ilé Àgùdà kan, àwọn tí baba ńlá wọn ti Brazil padà wá, ládùúgbò wa kì í jẹ́ ká mú un. Ó ní ẹbí òun ni.)

Láti Kétu
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí. Èmi ò bá ìtàn lọ o. Eddy yẹn, ẹ sáà máa tẹ bọ́tìnì ẹsẹ̀ méjèèjì, á máa pòòyì bí òkòtó. Àbúrò mi obìnrin tí kò mọ Jin yàtọ̀ sí Law fi í nà mí títí mo fi pa tẹlifíṣọ̀n. Ìtàn wo ló wà níbẹ̀?

Láti Ṣábẹ̀ẹ́
Ní tèmi, ìtàn ló dí ìjà lọ́wọ́. Nínú Mortal Kombat ti 2011, bí orí ìtàn bá ti yí, jagunjagun yí nìyẹn. Scorpion ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ mi lọ́wọ́ ni wọ́n gbà á, wọ́n gbé Cyrax fún mi. Mo parí rẹ̀ torí mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò kú àti ẹni tí yóò là. Mo mọ ìtàn náà dunjú, ṣùgbọ́n n kò rí ẹyọ ẹnìkan tí mo lè fi na ọmọ ilé kejì. Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́, ṣé ẹ tún mú Jin tuntun yẹn ṣá?

Láti Àjàṣẹ́
Mo mú un o. Nígbà tó mọ́ mi lọ́wọ́ tán, ẹni tó ni ilé géèmù ní kí n lọ mú ẹlòmíràn, pé mo ń lé oníbàárà òun lọ.