"Aluwáyà" kọ́: ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló yẹ dùùrù ayé Bach?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, mo kí yín o.

Láti ọjọ́ Ẹtì tí Ọ̀mọ̀wé wa ti fi àkójọ àwo orin ayé Bach àti Mozart, àwọn olórin ńlá ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, ránṣẹ́ sí wa ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí harpsichord, dùùrù olówáyà ayé àtijọ́, "aluwáyà" ni wọ́n pè é. Clavichord di "aluwáyà kékeré", fortepiano di "aluwáyà aṣáájú píánò". Ọ̀mọ̀wé, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo la wò níbí?

"Lù" yẹn ni mo ń bá jà. Harpsichord kì í lu nǹkan kan. Bí ìka bá tẹ igi tó wà níwájú rẹ̀, igi pẹlẹbẹ kan á dìde nínú lọ́hùn-ún. Ṣóńṣó ìyẹ́ ẹyẹ kan yọ lára igi náà bí ahọ́n. Ìyẹ́ yìí á fa wáyà sókè díẹ̀, wáyà á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, á dún. Bí ìka bá kúrò, igi náà á padà wálẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á yẹ̀ sẹ́yìn kó má baà ta wáyà lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ kékeré tó wà lára rẹ̀ á sì pa ohùn náà. Ẹ ki íapíìsì sétí kí ẹ gbọ́ ìparí orin kan tí wọ́n fi harpsichord gbà sílẹ̀. Wáyà á ti dákẹ́, ẹ ó wá gbọ́ "tọ̀" kékeré kan nígbà tí igi bá ń jókòó. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ìbáà fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ròkè. Ta ló lu dùndún kíkan tí kò gbọ́ ọ kíkan?

"Ta" ni Yorùbá ń lò fún okùn. À ń ta gìtá, à ń ta mólò. Orúkọ tí mo sì fi lélẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn: dùùrù àtẹ̀ta. À ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ta. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì: "tẹ̀ jáde" ló di àtẹ̀jáde, "lù jó" ló di àlùjó.

Ẹnìkan wá tún un kọ ní "àtẹta", ó ní ohùn àárín ló yẹ kó wà lórí rẹ̀ nítorí pé "tẹ dùùrù" là ń wí. Rárá o. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ní láti ilé rẹ̀ wá. Àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló sọ ọ́ di àárín nínú "tẹ dùùrù". Ẹ fi arọ́pò-orúkọ sí i, ẹ ó gbọ́ ọ: "mo tẹ̀ ẹ́". Nínú àtẹ̀ta, ọ̀rọ̀-ìṣe ni "ta" tó tẹ̀lé e, kì í ṣe àbọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní àtẹta ló tọ̀nà, kó kọ "àlujó" fún wa kí a rí i.

Ọ̀mọ̀wé tún sọ pé "a-" inú aluwáyà dà bí "a-" inú "abẹ" tí à ń fi fá irun, pé irinṣẹ́ ló ń tọ́ka sí. Mo gbà pé abẹ jẹ́ irinṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni abẹ gbé lẹ́yìn, kò gbé àbọ̀. Bí àfòmọ́ yẹn bá ti gbé ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ pọ̀, ènìyàn ni etí Yorùbá kọ́kọ́ ń gbọ́: apẹja, akọrin, akọ̀wé. Bí ẹ bá sọ fún ìyá mi pé ẹ rí aluwáyà kan ní Leipzig, ìlú tí Bach gbé, wọn á béèrè pé ọmọ ta ni.

Arábìnrin wa tó wà ní London ní kí a pè é ní "dùùrù abìyẹ́". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìyẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wanda Landowska, gbajúgbajà atẹ-harpsichord, gba orin Goldberg Variations ti Bach sílẹ̀ ní Paris ní 1933 lórí harpsichord tí ilé-iṣẹ́ Pleyel kàn, awọ ló ń ta wáyà tirẹ̀. Ike ló wà nínú ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń kàn lóde òní. Ìyẹ́ o, awọ o, ike o, títa ni gbogbo wọn ń ta.

Ọ̀rọ̀ Bàbá wa ti Abẹ́òkúta ló wúwo jù. Wọ́n ní kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní "dùùrù", nítorí pé Bach fúnra rẹ̀ kọ "Clavier" sórí ìwé orin tó ṣe ní 1722 (The Well-Tempered Clavier), orúkọ tó kó gbogbo ohun olórin tí à ń fìka tẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n Bach kan náà, nígbà tó gbé Italian Concerto jáde ní 1735 àti Goldberg ní 1741, harpsichord tó ní ipele ìtẹ̀ méjì ló dárúkọ gan-an. Ó ní orúkọ àpapọ̀, ó sì ní orúkọ àdáni. Ẹ tún wo Ralph Kirkpatrick, atẹdùùrù ará Amẹ́ríkà: ó fi harpsichord gba ìwé 1722 yẹn sílẹ̀, ó tún fi clavichord gbà á. Orin kan náà, ọwọ́ kan náà. Bí a bá kọ "dùùrù" sí iwájú méjèèjì, báwo ni ẹni tó fẹ́ ra àwo ṣe fẹ́ mọ èyí tó ń rà?

Clavichord sì yàtọ̀ pátápátá. Idẹ pẹlẹbẹ ló ń lọ bá wáyà nínú rẹ̀, kì í sì í kúrò lára rẹ̀ títí ìka yóò fi gbéra. Nítorí náà ni ìka fi lè mi ohùn náà lẹ́yìn tó ti dún. Àtẹ̀kàn ni mo pè é, láti ara "kàn" ti "ọwọ́ mi kàn án".

Fortepiano nìkan ni "lù" tọ́ sí. Ìwé tí wọ́n kọ ẹrù àwọn Medici, ìdílé tó ń jọba ní ìlú Florence, sí ní 1700 sọ nípa ohun olórin tuntun kan tí Bartolomeo Cristofori ṣe, tó lè dún jẹ́jẹ́, tó sì lè dún kíkan. Òòlù kéékèèké ló fi ṣe é. Ẹ gbọ́ "lù" nínú òòlù! Àtẹ̀lù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, onímọ̀ orin wa, tí Ọ̀mọ̀wé fi ta kò mí, pé wọ́n kọ orin fún píánò bí ẹni kọ ọ́ fún ìlù, píánò ni wọ́n ń wí, olóòlù ni píánò. Kò kan harpsichord.

Ọ̀gá akọrin tó kọ́ mi ní dùùrù nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ harpsichord rí. Harmonium elẹ́wìrì tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ ni ìjọ wa ní. Lọ́jọ́ kan mo ń gbá a gbàgàgbàgà, wọ́n di ìka mi mú, wọ́n gbé e lé e lórí jẹ́ẹ́, wọ́n ní, "Má lù ú. Tẹ̀ ẹ́." Wọ́n ti rọ̀run báyìí. Ohùn ìsàlẹ̀ inú "tẹ̀ ẹ́" yẹn kò kúrò létí mi.

Ó ku òwe tí Bàbá wa pa mọ́ mi lẹ́nu: "Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo." Wọ́n ní irin agídìgbo, títa là ń ta á, síbẹ̀ "lù" ni àgbà wí. Mo ronú lé e fún ọjọ́ méjì. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń lò ó a máa fi òrùka ọwọ́ kan ara àpótí náà, ìlù gan-an nìyẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ní ìlù kan tí ó ti pẹ́ ni òwe náà ń sọ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ẹ bá lẹ́nu àwọn tó bí yín?

Kí ìdáhùn yẹn tó dé, Ọ̀mọ̀wé, ẹ bá wa tún àkójọ náà ṣe. Scott Ross, tó fi harpsichord gba gbogbo sonata 555 ti Scarlatti, olórin ará Ítálì ayé Bach, sílẹ̀ láàárín 1984 sí 1985: àtẹ̀ta. Kirkpatrick: àtẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan, àtẹ̀kàn lẹ́ẹ̀kan. Mozart tí Kristian Bezuidenhout, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbà sílẹ̀: àtẹ̀lù.